Iyọ̀ Ọdọọdún Ilé Faransé

Èmi ni mo kọ ìpolówó ilé náà, èmi náà ni mo ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé: "Ilé ńlá àtijọ́, àrà ilẹ̀ Faransé, ọgbà gbọọrọ, ojú ọ̀sà, ìwé pé, kò sí wàhálà." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ́ńtì láti Jakande títí dé Ajah, mo sì ti kọ "kò sí wàhálà" sára ilé tí omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ̀, àti sára ilẹ̀ tí ìdílé mẹ́ta ń jà lé lórí. Ojú kì í tì mí. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ kò yẹ kó pe ẹ̀jẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí fọ́tò kan yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Bí ẹ bá wò ó, ẹ ó rí òrùlé dúdú tó ga ṣóńṣó, àti àwọn fèrèsé kéékèèké tó ń yọjú láti inú rẹ̀. Ẹ ó rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí wọ́n fi irin títẹ̀ ṣe, àti ìlà igi méjì tó tò láti géètì dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ohun tí ẹ ò ní rí ni apá òsì, nítorí mo ti gé e kúrò. Apá òsì yẹn ni ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà, ọ̀nà tóóró tí ènìyàn méjì lè fi pàdé bí ọ̀kan bá yà díẹ̀, tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá lọ sí etí ọ̀sà. Ọ̀nà yẹn ni àwọn ará ilé ìyá mi ń gbà lọ sídìí ọkọ̀ ojú omi wọn. Ìka méjì ni mo fi gé e kúrò lórí fóònù mi, nígbà tí mo jókòó sínú mọ́tò tí mo ń jẹ búrẹ́dì.

Kí ilé náà tó wà, ilẹ̀ ìdílé ìyá mi ni ibẹ̀. Abúlé kékeré ni wá, létí omi, lẹ́yìn Lakowe. Ẹja ni iṣẹ́ wa, pẹ̀lú àgbọn àti ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Dókítà kan tó ti gbé ilẹ̀ Faransé fún ọ̀pọ̀ ọdún ló padà wálé, tó ní òun fẹ́ kọ́ irú ilé tí òun rí níbẹ̀ sétí omi tiwa. Nígbà yẹn kò sí ọ̀dà lójú títì Ajah. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó òkúta pẹlẹbẹ dúdú tí wọ́n fi bo òrùlé náà wá, ọkọ̀ kan sì rì pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀. Àwọn ará abúlé rò pé orí ọkùnrin náà ti dàrú. Síbẹ̀ ó kọ́ ọ parí. Ó tiẹ̀ gbẹ́ adágún roboto kan síwájú ilé, tí omi yẹ kó máa tú jáde láti ẹnu ẹja òkúta. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ jẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kí ọdún kan tó pé, láti ìgbà náà, àkèré ló ń gbádùn ibẹ̀. Ilé Faransé ni gbogbo wa ń pè é. Ìyàwó Dókítà ni a sì ń pè ní Màmá Faransé, bẹ́ẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ni obìnrin náà ti wá, kò sì tíì rìn ju Kútọnu lọ láyé rẹ̀.

Nígbà tí bàbá àgbà mi ń ta ilẹ̀ náà fún Dókítà, ó ní òun ta ilẹ̀, òun ò ta ọ̀nà omi. Dókítà gbà bẹ́ẹ̀. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ohun tí wọ́n fi ṣe ìwé ni pé, lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní, ẹni tó ni Ilé Faransé yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà náà wá sí ilé wa, yóò gbé àpò iyọ̀ kan àti obì kalẹ̀ níwájú àgbà ilé. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Kì í ṣe owó ilẹ̀, Dókítà ti san ìyẹn tán. Iyọ̀ tí a fi ń pa ẹja mọ́ ni, tó ń gbé wá láti fi jẹ́wọ́ pé ọ̀nà yẹn kì í ṣe tòun. Àgbà ilé á gbà á, á ní, "Ilé wà lọ́dọ̀ yín." Dókítà á dáhùn pé, "Omi wà lọ́dọ̀ yín." Àwọn méjèèjì á wá jọ sọ ọ́ pọ̀ pé, "Ọ̀nà wà láàárín wa." Ó tán nìyẹn. Wọ́n á jẹ ẹja yíyan, Dókítà á nu ọwọ́ rẹ̀, á padà sílé.

Mo fi ojú ara mi rí i ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí kò bímọ ló tọ́ mi dàgbà, òun ni mo ń pè ní Ìyá Àgbà. Lẹ́yìn tí bàbá àgbà mi kú, òun náà ló di àgbà ilé tó ń gba iyọ̀. Ó ń dẹ ìgèrè sínú ọ̀sà, ó ń yan ẹja, ó ń kó o lọ tà. Gbogbo ìwé tí mo kà, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi jáde ní Pólì, orí agbọ̀n ẹja rẹ̀ ni wọ́n ti jáde, ojú ọ̀nà yẹn ni agbọ̀n náà sì ń gbà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni a máa ń lọ. Yanrìn ibẹ̀ máa ń tutù lábẹ́ ẹsẹ̀, àwọn akàn á sì máa sá wọ ihò wọn bí wọ́n bá gbúròó wa. Bí a bá ń bọ̀, Ìyá Àgbà á mú ẹja kan, á fi ewé kókò wé e, á gbé e sórí àtẹ̀gùn ilé ìdáná Màmá Faransé. Kì í kan ilẹ̀kùn. Màmá á ti máa fi ìdí búrẹ́dì gígùn kan pamọ́ dè mí.

Ìgbà kan ṣoṣo ni Màmá mú mi wọ inú ilé lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ pálọ̀ jẹ́ òkúta dúdú àti funfun, ó tò bí ojú dráàfù. Mo ń fò lórí àwọn dúdú nìkan, mi ò fẹ́ tẹ funfun mọ́lẹ̀ nítorí yanrìn ẹsẹ̀ mi. Àtẹ̀gùn ńlá yí po lọ sókè, gílóòbù bíi ogójì sì so rọ̀ sórí iná kan ṣoṣo. Ọjọ́ náà ni ilé olówó wọ̀ mí lójú. Mo sọ fún Ìyá Àgbà lójú ọ̀nà pé bí mo bá dàgbà, irú ilé yẹn ni iṣẹ́ mi máa dá lé. Ó ní àmín.

Ẹ wá wò ó, àmín yẹn ṣẹ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo di ẹ̀jẹ́ńtì. Fúláàtì ní Jakande ni mò ń gbé, Ilasan lọ́hùn-ún, òkè kẹta, níbi tí a ti ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi gun àtẹ̀gùn. Mo ń wá yàrá fún àwọn tó ń wá yàrá, mo ń wá ṣọ́ọ̀bù fún àwọn tó ń wá ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń ta ilé ńlá máa ń kí mi bí ẹni ń kí ọmọ ọ̀dọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn kò ju kí n kó lọ sí Thomas Estate, kí n ní géètì tí wọ́n á máa ṣí fún mi. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo máa ń wa mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá láìní ẹni tí mo fẹ́ lọ rí.

Dókítà ti kú nígbà náà. Màmá Faransé ló ń gbé iyọ̀ wá, kódà nígbà tí orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn, ẹni tó ń ṣọ́ géètì á gbé àpò náà tẹ̀lé e lẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà. Òrùlé ń jò, kò sì síbi tí wọ́n ti ń ta irú òkúta pẹlẹbẹ yẹn mọ́, páànù ni wọ́n fi ń dí i níbi tó bá ti là. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n tà á, kí màmá wọn máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Màmá bá pè mí lórí fóònù.

Mo lọ, mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde jókòó.

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó bá mi tà á," ó ní. "Àwọn ọmọ mi ní ẹ̀jẹ́ńtì ńlá kan ní Victoria Island. Mo ní rárá. Ìwọ lo mọ ohun tó wà níbí."

"Ẹ ṣé gan-an, mà."

"Ọ̀nà àwọn ìyá ẹ ńkọ́?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Mo máa bá ẹni tó bá fẹ́ rà á sọ ọ́."

"Kì í ṣe kó o bá a sọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà pẹ̀lú bàbá àgbà ẹ ló lè fi ẹnu lásán sọ ọ́ kó dúró. Kó wọ inú ìwé ni mò ń wí."

"Ó máa wọ inú ìwé, mà."

Mi ò purọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò purọ́ lọ́jọ́ yẹn, inú mímọ́ ni mo fi sọ ọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wo ilé náà fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ìyàwó rẹ̀ ti ń sọ ibi tí yóò gbé àga sí. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló rojọ́ iyọ̀ fún un. Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin náà ti pè mí.

"Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi pé ìṣákọ́lẹ̀ ni màmá yẹn ń san. Ẹni tó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀, ṣé òun ló ni ilẹ̀? Ẹ ò fẹ́ ire fún mi o. Ọmọ onílẹ̀ á kàn wá jí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Kò gbé fóònù mi mọ́. Mo lọ bá lọ́yà tí àwọn ọmọ Màmá gbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé kóòtù wọ̀ nínú oòrùn. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìṣákọ́lẹ̀ kẹ̀? Nínú ayé tá a wà yìí? Mà, tí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn bá ti dé etí ẹni tó fẹ́ rà á, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ sọ fún màmá kí wọ́n má gbé e lọ lọ́dún yìí. Tí wọ́n bá ti fo ọdún kan, a lè sọ pé ó ti parí. Simple."

Oṣù Kejìlá ni. Ọjọ́ kejì ọdún tuntun ti sún mọ́lé. Mo lọ bá Màmá, mo sì sọ fún un.

"Kí n má gbé iyọ̀ lọ? Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ mi, mi ò rántí ọdún tí a fò ó."

"Ọdún kan péré ni, mà. Tí a bá ti tà á tán, ẹni tó rà á á máa gbé e lọ."

"Kí ni ìyá ẹ á wá rò?"

"Mo máa lọ ṣàlàyé fún wọn fúnra mi, mà."

Irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ yìí. Mi ò lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún obìnrin tó mọ ohun tí iyọ̀ náà wà fún ju gbogbo wa lọ? Mo sọ fún ara mi pé màá lọ lọ́la, màá lọ lọ́tùnla, títí ọdún tuntun fi dé, tí ọjọ́ kejì sì kọjá. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó yọjú sí abúlé.

Àga wà ní ìta, lábẹ́ igi àgbọn, níbi tí wọ́n máa ń gbé e sí fún àlejò náà. Ẹní wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ewé ti ń bọ́ lé e. Mo béèrè lọ́wọ́ ìbátan mi kan, ó ní láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Ìyá Àgbà ti wọ aṣọ òkè rẹ̀ jókòó, tó ń wo ọ̀nà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kó wọlé, ó kọ̀. Wọn ò sì lè kó àga wọlé látìgbà náà, kò gbà.

"Ṣé ara Màmá ò yá ni?" Ohun tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, bí mo ṣe ń kúnlẹ̀.

Àyè wà fún mi láti sọ òótọ́ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Mo rí àyè náà kedere.

"Ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá, mà," ni mo sọ.

"Mo mọ̀. Mo ní kì í ṣe lásán. Kò lè gbàgbé wa." Ó dìde, ó wọlé, ó gbé ẹja yíyan mẹ́rin jáde nínú ewé, èyí tó ti yan sílẹ̀ de àlejò rẹ̀. "Bá mi gbé e fún un. Sọ fún un pé iyọ̀ lè dúró. Ara rẹ̀ ni kó tọ́jú."

Mi ò gbé ẹja náà fún Màmá. Bí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tú. Mo gbé e lọ sí Jakande, mo fi se ọbẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán. Ó dùn. Mi ò lè sọ fún yín pé kò dùn.

Oṣù kejì ni ẹni tó rà á dé. Ọ̀gá kan ni, oníṣòwò, kò pariwo, ó máa ń fi ọwọ́ lu ògiri wò bí ẹni ń lu ẹ̀gúsí bàrà. Ó mú lọ́yà tirẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti lọ rí bàbá géètì ṣáájú, mo ti rán an níṣẹ́ lọ sí Ajah kó má bàa wà nítòsí. Mo mú wọn yí ilé ká, mo fi àtẹ̀gùn hàn wọ́n, mo fi òkúta dúdú àti funfun hàn wọ́n. Mo ń sọ̀rọ̀ Dókítà bí ẹni tó jẹ́ bàbá mi. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geerege.

A jáde sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ìyá Àgbà ń ti etí omi bọ̀, agbọ̀n lórí, omi ẹja ń ro sí i léjìká. Ó ti mú ẹja kan lọ́wọ́ fún àtẹ̀gùn ilé ìdáná. Bó ṣe rí mi, gbogbo ojú rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi!" ó ní. "O ti jẹun?"

Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n, mi ò rí obìnrin yẹn rí kí n má kúnlẹ̀. Orúnkún mi tiẹ̀ ti fẹ́ kanlẹ̀. Mo sì rí ojú lọ́yà tó ń wò wá, mo rí bó ṣe tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dúró gbọnran.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ni mo sọ, mo juwọ́ sí i bí ẹni ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀ ní títì.

"Ta nìyẹn?" ọ̀gá náà béèrè.

"Ẹlẹ́ja ni, sà. Wọ́n máa ń wá tajà fún ilé yìí. Tí ẹ bá ti kó dé, tí ẹ bá ní kí wọ́n má wá mọ́, wọn ò ní wá."

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ. Ọ̀nà náà tóóró, kò sí bí kò ṣe ní gbọ́. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò tètè kúrò, ó kàn dúró síbẹ̀ láìní nǹkan kan tó ń ṣe. Ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a lè kọjá, ó tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀ tòun ti agbọ̀n lórí, ó ní, "Ẹ káàsán o, ọ̀gá wa. Ẹ káàsán o, sà." Èmi ló ń pè ní ọ̀gá. Ó ti yé e pé mò ń fi nǹkan kan pamọ́, kò sì fẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó bá mi bò ó, láìmọ̀ pé òun gan-an ni mò ń tà. Kò gbé ẹja sórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà, ó gbé e padà lọ sílé.

Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ojú Màmá Faransé kò ríran dáadáa mọ́. Lọ́yà ń ṣí ìwé, èmi ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí yóò fọwọ́ sí. Ní ojú ewé kan, wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni, yálà ẹbí tàbí abúlé, tó ní ẹ̀tọ́ láti gba inú ilẹ̀ náà kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkàn mi. Màmá di ìka mi mú lórí ìwé náà.

"Ọ̀nà wà níbẹ̀?" ó béèrè.

"Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, mà."

Ó fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kí oṣù náà tó parí, ó ti lọ sí Kánádà. Ní pápákọ̀ òfurufú, ó gbàdúrà fún mi títí àwọn tó wà lẹ́yìn wa nínú ìlà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Mo kó lọ sí Thomas Estate. Wọ́n ń ṣí géètì fún mi.

Ọ̀gá náà kò wó Ilé Faransé, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó yọ àwọn fèrèsé onípákó, ó fi aluminiọ́mù sí i, ó sọ ibẹ̀ di ibi tí àwọn tọkọtaya tuntun ti ń ya fọ́tò. Ẹja òkúta ti ń tú omi báyìí, iná aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fọ́tò tèmi náà ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀ títí dòní, èyí tí mo gé. Kò sì sí ohun tó yàtọ̀ sí fọ́tò náà mọ́ níbẹ̀, nítorí ó ti kọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù dí apá òsì.

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bá ògiri náà pàdé. Ó ti hun ìgèrè tuntun mẹ́ta, ó ń gbé wọn lọ lówùúrọ̀, ó sì bá búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gbẹ. Ọkọ̀ rẹ̀ wà ní òdìkejì. Wọ́n ní ó dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi gòkè. Àwọn ọkùnrin abúlé lọ bá ọ̀gá náà, kò bú wọn, ó pè wọ́n jókòó, ó fún wọn ní omi tútù, ó sì na ìwé sí wọn. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀wé kà. Ó ka ojú ewé náà, ó sì ka orúkọ ẹlẹ́rìí.

Ẹni tó bá fẹ́ dé omi báyìí láti abúlé wa ní láti wọ màrúwá, kó yí ẹ̀yìn ọgbà gọ́ọ̀fù, kó tó wa ọkọ̀ dé ibi tí ìgèrè wà. Ìyá Àgbà gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹja á ti rọ̀ kó tó dé ibi ìyan. Ó fi sílẹ̀. Omi inú ọ̀rá ló ń tà báyìí fún àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé ní ọ̀nà Lakowe, ó jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan rí. Bí mo bá lọ, ó máa ń ní kí n jẹun. Ìgbà tó ń bú mi ní kékeré, mo mọ bí mo ṣe lè dúró sí i. Èyí ni mi ò mọ bí mo ṣe lè dúró sí.

Mo lọ bẹ ọ̀gá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní kó kàn dá ilẹ̀kùn kékeré kan sára ògiri náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹlẹ́ja ni wọ́n?"

Lọ́dún yìí, ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní, mo ra àpò iyọ̀ kan, mo ra obì, mo wa mọ́tò lọ sí abúlé. Mo gbé mọ́tò síta, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Àga kò sí lábẹ́ igi àgbọn. Ìyá Àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo gbé àpò náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo gbé obì lé e, mo sì kúnlẹ̀ sórí yanrìn.

Ó fi ẹ̀wà sílẹ̀. Ó wo iyọ̀ náà.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Èmi ni mo gbé e wá."

"Kí lo gbà lọ́wọ́ wa tí o fi ń san ìṣákọ́lẹ̀?"

Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láti Thomas Estate ni mo ti ń kọ́ ọ sórí. Gbogbo rẹ̀ pa rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ọmọdé, èyí tí imú máa ń ṣàn sí. Ó jẹ́ kí n sun ún tó. Ó wá na ọwọ́, ó fi ìbòrí rẹ̀ nù mí lójú, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

"Gbé e padà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Àlejò ló ń gbé iyọ̀ wá síbí. Tí mo bá gbà á lọ́wọ́ ẹ, mo ti sọ ẹ́ di àlejò nìyẹn. Èmi ò ní ọmọ méjì."

Mo gbé e padà sínú mọ́tò. Ó wà ní kíṣìnì mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, mi ò tíì tú okùn ẹnu rẹ̀. Iyọ̀ mìíràn ni mò ń rà fún ọbẹ̀.